Bípí bàbá ga láàárọ̀, ó tún já lẹ́yìn iyán: kí ló pa ikùn àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Òkè-Fíà níbí l'Óṣogbo, mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 72, ó tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń lo oògùn bípí. Tá a bá wọ̀n ọ́n láàárọ̀, á máa jẹ́ bíi 150 lórí 90. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jẹ iyán lọ́sàn-án, kó tó pé wákàtí kan, òòyì á máa kọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, àárẹ̀ á mú wọn bíi pé wọ́n roko. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá wọ́n jẹun tán, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n dìde pé àwọn fẹ́ lọ yàgbẹ́, inú ilé ìyàgbẹ́ la ti gbọ́ gbì! Wọ́n dákú, àmọ́ wọ́n ti lajú ká tó gbé wọn dé pálọ̀. Àwọn ẹbí ti wá sọ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹun ọwọ́ ìyàwó kékeré mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni bípí tó ń ga ṣe tún ń já? Kí ni oúnjẹ fi kan bípí?"

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Kí n tó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gba ìyàwó kékeré yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ẹni bá sì jẹun tán tó ṣubú, ibẹ̀ náà ni ọkàn ẹbí máa ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí mi ò lè ka iye wọn mọ́, àwọn mìíràn nínú wọn sì rèé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi se oúnjẹ tó dá wọn dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sínú iyán yẹn. Iyán yẹn gan-an, bó ṣe wà yẹn, ló ń ṣe é.

Ẹ wo ilé oníyàrá púpọ̀ kan, irú èyí tó pọ̀ l'Áyétòrò níbẹ̀ yẹn, tánkì kan ṣoṣo ló wà lókè, kálukú ló sì ní ẹ̀rọ omi tiẹ̀. Tí ará ìsàlẹ̀ bá ṣí tiẹ̀ gbagada torí ó fẹ́ fọṣọ, ẹni tó ń wẹ̀ lókè, ọṣẹ ti wà lójú ẹ̀, á kàn rí i pé omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tó-tó-tó. Omi ò tán nínú tánkì o, ibi tó ń gbà ló pọ̀ jù. Ara wa náà ò jìnnà sí ìyẹn. Tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn ẹ̀ ń tú nǹkan bíi líítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn ló ń lọ sí àpòlúkù, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú, ìyẹn ká tiẹ̀ tó jẹun. Ẹ wá jẹun báyìí, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ìfun á ṣí, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá lè di ìlọ́po méjì, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìfun nílò ẹ̀jẹ̀ tó máa fi kó oúnjẹ lọ sí ẹ̀dọ̀. Àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti inú náà dà bí àpò ni, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n sì jókòó tì í. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti jókòó sínú ikùn kò tíì padà dé ọkàn nìyẹn, ohun tí ò bá sì padà dé ọkàn, ọkàn ò rí i tú jáde.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí gbogbo wa kì í ṣubú lẹ́yìn oúnjẹ, tá a ń jẹ ẹ̀bà òkè mẹ́ta tá a sì ń gun ọ̀kadà lọ sọ́jà? Ìdí ni pé tánkì kì í ronú, ara ń ronú. Ní ọrùn, níbi tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ kàn tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkàn ṣe ń lù, àti lára iṣan ńlá tó jáde tààrà látinú ọkàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa wo bí ògiri iṣan ṣe ń fẹ̀ sí. Tí ògiri yẹn bá dẹ̀ díẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí ìdí ọpọlọ, ọpọlọ náà á sọ fún ọkàn pé yára, á sọ fún iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pé ẹ fún ara yín pọ̀, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ọkàn yín fi máa ń lù kíkankíkan díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti jẹun yó, kì í ṣe àìsàn, ọkàn ń san gbèsè tí ikùn jẹ ni. Lára ọ̀dọ́ tó lera, ìṣirò yẹn máa ń bára mu débi pé tẹ́ ẹ bá wọn bípí ẹ̀ kó tó jẹun àti lẹ́yìn tó jẹun, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ gidi kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ikùn fúnra ẹ̀ ń bá ọkàn sọ̀rọ̀, kì í kàn án dúró de ẹ̀ṣọ́ ọrùn. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ń jẹ́ vagus, láti ìdí ọpọlọ ló ti sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọrùn, ó yà sọ́dọ̀ ọkàn, ó yà sí ẹ̀dọ̀fóró, ó tún wá gba inú lọ sí àpòlúkù àti ìfun. Okùn kan náà ni lẹ́tà ọkàn àti lẹ́tà ikùn ń gbà. Ní 1845 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Jámánì, Ernst Weber àti Eduard Weber, fi iná mànàmáná kan iṣan yìí lára ẹranko, ọkàn ẹranko náà rọ̀, ó sì dúró. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ará Jámánì mìíràn tó ń jẹ́ Friedrich Goltz gbá ikùn ọ̀pọ̀lọ́ léraléra (ọ̀pọ̀lọ́ inú omi o, kì í ṣe ọpọlọ orí), ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Tó bá sì ti gé vagus yẹn, ó lè gbá ikùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọkàn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ẹni tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mọ́ níkùn rí lórí pápá, tó funfun lójú tó sì wó lulẹ̀ láìsí ọgbẹ́, nǹkan kan náà lẹ rí yẹn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ náà mọ̀ ọ́n dáadáa, tí wọ́n bá fa ìfun nínú iṣẹ́ abẹ, bípí lè já lójijì, ọkàn á yí ìlù padà, ẹni tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun á ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná.

Ó wá kù síbì kan. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú ikùn, ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà tó ń kọ. Àpòlúkù tó bá ń fẹ̀ torí oúnjẹ tàbí omi ń kún un, ńṣe ló ń ta iṣan ìmọ̀lára tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jí, bípí á fẹ́ gòkè díẹ̀. Ìfun tó bá wá ń gba ṣúgà àti sítáàṣì, ńṣe ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bípí á fẹ́ wálẹ̀. Àpòlúkù ń fà sókè, ìfun ń fà sísàlẹ̀, ara tó lera ló ń rìn láàárín méjèèjì. Ohun tó sì ń pinnu ẹni tó máa borí ni bí oúnjẹ ṣe ń yára kúrò nínú àpòlúkù bọ́ sínú ìfun. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn àgbàlagbà, wọ́n ń da ṣúgà sínú ìfun wọn tààrà láti inú rọ́bà tín-ín-rín: tó bá ń wọlé ní kálórì 1 ní ìṣẹ́jú kan, bípí ò fẹ́ẹ̀ mira, tó bá di kálórì 2 tàbí 3 ní ìṣẹ́jú kan, bípí á já. Ẹ wá wo iyán. Iṣu tó ti jinná, tí odó ti bá wa jẹ ẹ́ tán, a kì í tún un jẹ lẹ́nu, gbígbé la ń gbé e mì, ó gbóná, ó sì pọ̀. Oúnjẹ gbígbóná gan-an máa ń já bípí ju oúnjẹ tútù lọ lára àwọn tó níṣòro yìí, ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ iyán tútù, iyán ogún ọdún gan-an wọ́n ní ó ń jóni lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tí mo máa ń rí káàkiri orí fóònù, pé ẹ̀jẹ̀ máa ń fi ọpọlọ sílẹ̀ lọ sí ikùn lẹ́yìn oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń kùn wá. Àsọdùn ni. Lára ẹni tó lera, ọpọlọ kì í jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀, iṣan inú ẹ̀ máa ń ṣàtúnṣe fúnra ẹ̀, oorun iyán yẹn ní ìdí mìíràn. Àfi tí bípí bá já gidi ni ọpọlọ tó máa mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí bàbá.

Ìdí tó fi jẹ́ wọn, tí kì í ṣe ẹ̀yin? Ẹ̀ẹ́ rí i pé ọjọ́ orí àti bípí gíga náà ló fà á, wọn ò ta kora wọn rárá. Ẹ̀ṣọ́ ọrùn tó ti ń rí 150 lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ó ti mọ́ ọn lára. Ògiri iṣan náà ti le, kò rọrùn fún un láti fẹ̀ tàbí dẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ò tètè mọ̀ mọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Tó bá tiẹ̀ wá mọ̀, tó kígbe, ọkàn ẹni ọdún 72 ò lè sáré bíi ti ọmọ ogún ọdún. Bẹ́ẹ̀ ìfun ò darúgbó tó bẹ́ẹ̀, ó ṣì ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀ gbagada bó ṣe ń ṣe látijọ́. Ẹni tó bá tún wá ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ti ba iṣan ìmọ̀lára ẹ̀ jẹ́, tàbí tó ní àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tiẹ̀ tún máa ń burú jù. Ẹ ò sọ fún mi bóyá bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹ ò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Nínú ìṣègùn, ohun tá à ń wò ni pé tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tó ti ju 100 lọ kó tó jẹun tó wá wọ abẹ́ 90, a ti mọ ohun tí à ń bá jà. Ẹ jẹ́ n sọ ìgbà tí mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí i, ìgbà yẹn mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ, aró ò kúrò ní ìdí èékánná wọn láéláé, wọ́n ń wá sí kíníìkì bípí wa látọ̀nà Ìgbọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé láàárọ̀, bípí á ga, àwa náà á fi oògùn kún un. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún padà wá, wọ́n á ní "dókítà, òòyì yìí ti pọ̀ sí i o", àwa á wò ó, á tún ga, àwa á tún fi kún un. Ojú ń tì mí tí mo bá rántí. Lọ́jọ́ kan èrò pọ̀, ọjọ́ ti lọ, ebi ń pa màmá, wọ́n rán ọmọ wọn kó ra iyán àti ẹ̀fọ́ wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri wọ́n jẹ ẹ́ tán. Mo ti wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó jẹun, 162 ni nọ́ńbà òkè. Nígbà tó tó bíi ogójì ìṣẹ́jú mo ń kọjá lọ, mo rí màmá tó ń yán, wọ́n yán, wọ́n tún yán, imú wọn ń làágùn wínní-wínní, ìyẹn lábẹ́ fáànù o, ètè wọn ti ṣì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún wọ̀n wọ́n. 118. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, mo lọ gbé òmíràn, 116. Lára ẹlòmíràn 116 dára, àmọ́ lára ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ti mọ́ 160 lára, ó dà bí ìgbà téèyàn yọ àkàbà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n sùn, nígbà tó tó wákàtí kan ààbọ̀ sí i ó ti padà sí 140 àti díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo àgbà pé, kí lẹ jẹ kẹ́ ẹ tó wá, àti pé nígbà wo?

Ó wá ku ti ilé ìyàgbẹ́, torí kì í ṣe iyán nìkan ló gbé bàbá ṣubú lọ́jọ́ Sunday. Tí ìgbẹ́ bá le téèyàn ń tipá, ńṣe lèèyàn ń sé èémí mọ́ àyà tó ń fún ikùn. Antonio Maria Valsalva, dókítà ará Ítálì kan, ló kọ̀wé nípa irú sísé èémí bẹ́ẹ̀ ní 1704, ti etí ló ń sọ nígbà yẹn, orúkọ ẹ̀ ló ṣì ń jẹ́ dòní. Bẹ́ ẹ ṣe sé e yẹn, bípí á kọ́kọ́ fò sókè díẹ̀, àmọ́ àyà tó ti le kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà wọ ọkàn, bípí á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ọkàn á máa sáré láti gbà á sílẹ̀. Ẹ wá mí síta, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bípí á fò kọjá ibi tó yẹ, ẹ̀ṣọ́ ọrùn á ta kìjí, vagus á fa ìjánu ọkàn. Ìfun ìsàlẹ̀ tó ń fẹ̀ nígbà tí ìgbẹ́ ń jáde náà sì tún ní lẹ́tà tiẹ̀ tó ń kọ sí ọpọlọ. Gbogbo eléyìí nínú ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹni tí bípí ẹ̀ ti já tẹ́lẹ̀ torí oúnjẹ, tó tún wá dìde lójijì tí ẹ̀jẹ̀ sọ̀ sí ẹsẹ̀, tó tún wá tipá, ẹ rò ó wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fa tánkì kan náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣubú, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò forí gbá nǹkan.

(Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbígbé oúnjẹ mì lásán ló ń dá ọkàn wọn dúró, vagus yìí náà ni, àmọ́ ìyẹn ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe ti bàbá, torí ẹ̀yìn tí bàbá bá jẹun tán ni tiwọn tó ń dé.)

Kí lẹ máa wá ṣe? Ohun àkọ́kọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Mo rí i pé ẹ ní ẹ̀rọ bípí nílé, ó dáa. Ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta tó jẹ́ ọjọ́ lásán, kì í ṣe ọjọ́ àríyá. Kí bàbá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ wọ̀n wọ́n kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, kẹ́ ẹ tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí kan, wákàtí kan ààbọ̀, wákàtí méjì, lórí ìjókòó náà. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ohun tí wọ́n jẹ àti bó ṣe pọ̀ tó. Ìwé yẹn máa ṣàǹfààní ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí lọ, torí kò sí dókítà tó máa rí i tó ṣì máa fi oògùn kún un torí pé ti àárọ̀ ga.

Ti oògùn gan-an, ẹ má dá a dúró fúnra yín o! Mo mọ irú wa, ẹ̀ẹ́ ka eléyìí tán, ẹ̀ẹ́ ní "ṣé ẹ rí i, oògùn ló ń ṣe é", ẹ̀ẹ́ sì kó o sí kọ́lọ́fín, oṣù mẹ́ta sí i rọpárọsẹ̀ á dé. Bípí gíga yẹn gan-an ló ń le iṣan, tá ò bá tọ́jú ẹ̀, ìjábọ́ yìí náà á máa burú sí i. Ohun tí dókítà wọn lè ṣe ni kó yí àkókò ẹ̀ padà, kí oògùn má bàa máa gúnlẹ̀ lásìkò kan náà tí iyán ń gúnlẹ̀, tàbí kó pààrọ̀ irú èyí tó ń mú kéèyàn tọ̀ ṣáá, torí ìyẹn ń dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì máa ń bá oúnjẹ fa bípí wálẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá bàbá ń lo oògùn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ìtọ̀ já gaara, ti pròstéètì, àwọn àgbà ọkùnrin wa kì í fẹ́ sọ ọ́ níwájú ọmọ. Àwọn kan nínú oògùn yẹn ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ náà, mo ti rí àgbà tí kíníìkì kan fún ní ti bípí, tí kíníìkì mìíràn fún ní ti pròstéètì, tí ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ti ẹnì kejì. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń fi wẹ inú tán-án-tán náà ń kó omi lọ. Páráàgà kí wọ́n tó jẹun ńkọ́? Ọtí ń dẹ iṣan, ẹ ò ní kí n máa sọ ìyẹn.

Omi rèé, èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Píọ́ wọ́tà kan, sẹ́ńtílítà 50, kí bàbá mu ún tán kí wọ́n tó jẹun, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Lára ọ̀dọ́ kò ní ṣe nǹkan kan, àmọ́ lára ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ara ẹ̀ ti ń kùnà, omi yẹn ń gbé bípí sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn mìíràn ń fi 30 gòkè. Kì í ṣe torí pé omi pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ o, kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi lásán ló ń dín agbára iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ kù díẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ á mọ̀ ọ́n, wọ́n á ta iṣan ìmọ̀lára jí. Ẹ̀rí ẹ̀ ni pé omi tí wọ́n bá fi iyọ̀ sí kì í ṣe iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà píọ́ wọ́tà lásán ni, kì í ṣe kókà, kì í ṣe móòtì, ṣúgà wọn ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀tá. Àfi tí dókítà bá ti sọ fún bàbá pé ọkàn wọn ò lágbára tàbí kíndìnrín wọn ń yọnu kí wọ́n dín omi kù, ìyẹn ẹ gbọ́ ti dókítà.

Iyán ńkọ́? Mi ò ní gba iyán lọ́wọ́ ẹni ọdún 72 l'Óṣogbo, ẹni tó bá dán ìyẹn wò, àwọn ẹbí á ní òun náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ẹ gé e. Òkè tí wọ́n ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí méjì, ìdajì ní aago kan, ìdajì ní aago mẹ́rin. Kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀, kí iyán kéré, kí ẹ̀wà máa gba ipò ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn torí ṣúgà inú ẹ̀ wá díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n fara ti nǹkan fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹsẹ̀ wà lókè. Tí wọ́n bá fẹ́ rìn, kí wọ́n rọra rìn yí ilé ká, kẹ́nì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, rírìn ń gbé bípí sókè, àmọ́ bí wọ́n bá ṣe dúró báyìí ló tún ń padà wálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró sójú kan máa tàkúrọ̀sọ. Tí ìgbẹ́ bá ń gbẹ wọ́n, omi, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, kí wọ́n má tipá, kí wọ́n má tilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ pa látinú.

Mùsùlùmí ni bàbá tàbí Krìstẹ́nì, ẹ ò sọ, àmọ́ inú ààwẹ̀ ni mo máa ń rí eléyìí jù. Àgbà tó ti gbààwẹ̀ látàárọ̀, omi ti dín lára ẹ̀, ó fi ẹ̀kọ, àkàrà, iyán, ohun mímu dídùn ṣínu lẹ́ẹ̀kan náà, ó dìde ó lọ kírun àsámù lórí ìdúró. Mọ́sálásí gbóná, iṣan awọ ara náà ti ṣí torí ooru. Kó máa ṣínu díẹ̀, kó mu omi lásán kí ó tó fọwọ́ kan ohun dídùn, tí òòyì bá ń kọ́ ọ, kó jókòó kírun, ẹ̀sìn gbà á láyè. Bákan náà ni tàwọn tó jẹun yó tí wọ́n lọ dúró sínú oòrùn àti èrò ní Igbó Ọ̀ṣun lásìkò ọdún ní August, ẹgbẹ́ àwọn tó ń pèsè ìtọ́jú pàjáwìrì mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ẹ dákun, àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ mẹ́ta tí mo ní kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tí ìgbẹ́ bàbá bá dúdú bí ọ̀dà, pàápàá tí wọ́n bá ń lo oògùn ìrora fún orúnkún lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò nínú àpòlúkù, òòyì yẹn ò ní jẹ́ ti iyán mọ́. Tí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá rọ, tí ọ̀rọ̀ ò bá já geere, ẹ má bomi sí wọn lórí, ọsibítù ni. Tí inú òkè bá ń ro wọ́n, tí wọ́n ń làágùn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má sáré ra oògùn úlísà. Ikùn àti ọkàn ń gba okùn kan náà kọ̀wé, mo ti sọ ọ́ lókè, ìgbà mìíràn ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ ò dé tó ń kú lọ, ikùn ni ìrora á ti jáde, pàápàá tó bá jẹ́ apá ìsàlẹ̀ ọkàn. Ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì l'Ólá-Ìyá kọ́ lẹ máa gbé ìyẹn lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti ní nọ́ńbà ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ kó ìwé náà àti gbogbo oògùn bàbá sínú láílọ́nù kan, tòyìnbó, tìbílẹ̀, èyí tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ kó o lọ bá dókítà wọn. Kẹ́ ẹ ní kó wọn bípí bàbá lórí ìdùbúlẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n lórí ìdúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí bípí tó ń já lẹ́yìn oúnjẹ àti èyí tó ń já lórí ìdúró máa ń rìn pọ̀. Ìyàwó kékeré ni kẹ́ ẹ mú dání lọ, òun ló mọ bí iyán yẹn ṣe ń tóbi tó.